Ta Ni Kó Ṣe John Gotti?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1992, àtirí àyè jókòó sí di iṣẹ́ ńlá ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Brooklyn, ní ìlú New York. Ẹjọ́ John Gotti, ọ̀gá àwọn Máfíà tí wọ́n ń pè ní ìdílé Gambino, ni wọ́n ń gbọ́. Ojoojúmọ́ ni ọkùnrin náà ń wọlé bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀: súùtù tí wọ́n rán bá a lára, táì sílíkì, irun tó ti ń funfun tí wọ́n yà sẹ́yìn tí ẹyọ kan kò fò. Á bojú wẹ̀yìn, á ṣẹ́jú sí àwọn èèyàn rẹ̀, á rẹ́rìn-ín sí àwọn akọ̀ròyìn.

Láàrin àwọn òǹwòran, ojú kan wà tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Anthony Quinn ni, ọmọ bíbí Mẹ́síkò tó ti gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar lẹ́ẹ̀mejì, tó ti di ẹni ọdún 76. Mickey Rourke náà yọjú. Wọn kì í ṣe ẹlẹ́rìí, wọn kì í ṣe ẹbí. Wọ́n wá wo ọkùnrin náà ni.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Quinn wà nínú fíìmù tí HBO ṣe nípa Gotti. Ipa Aniello Dellacroce ni wọ́n fún un, àgbà ọ̀daràn tó fi ọ̀nà ẹgbẹ́ han Gotti. Òṣèré kì í wo nǹkan lásán.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kéde pé òṣèré báyìí ló máa ṣe ọ̀gá Máfíà kan tó gbé ayé rí, àríyànjiyàn á bẹ́. Ó jọ ọ́, kò jọ ọ́. Ọmọ Ítálì ni, kì í ṣe ọmọ Ítálì. Ó ti dàgbà jù, ó kúrú jù. Lójú tèmi, ibi tí wọ́n ti ń wọn òṣèré wọ̀nyí ni kò tọ̀nà. Ọ̀gá Máfíà fúnra rẹ̀, òṣèré ni. Ẹni tó bá lè ṣe é dáadáa ni ẹni tó gbọ́ ohùn tí ọkùnrin náà ń lò nígbà tó rò pé kò sí òǹwòran kankan nítòsí.

Gotti tí kámẹ́rà mọ̀

Bronx ni wọ́n bí Gotti sí lọ́dún 1940, ìkarùn-ún nínú ọmọ mẹ́tàlá. Agbègbè Naples ni ìran wọn ti ṣí wá. Iṣẹ́ alágbàṣe ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, owó kì í sì í tó ilé. Kó tó di géńdé, Gotti ti wọ ẹgbẹ́ ọmọ ìta ní East New York, ní Brooklyn. Nígbà tó yá, ibùjókòó rẹ̀ ni kíláàbù kan ní Ozone Park, ní Queens, tó ń jẹ́ Bergin Hunt and Fish Club. Ẹgbẹ́ ọdẹ àti apẹja ni wọ́n pè é. Kò sí ẹni tó ń ti ibẹ̀ lọ sígbó, kò sì sí ẹni tó ń ju àwọ̀n sódò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1985, wọ́n yìnbọn pa Paul Castellano, ọ̀gá àwọn Gambino, níwájú ilé oúnjẹ Sparks ní Manhattan. Ọdún Kérésìmesì ti sún mọ́lé, èrò kún ojú pópó. Gotti àti Salvatore Gravano, tí wọ́n ń pè ní Sammy the Bull, jókòó sínú ọkọ̀ kan nítòsí, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń lọ. Kò pẹ́ sígbà náà tí Gotti fi gorí àlééfà.

Àwọn ọ̀gá tó ṣáájú rẹ̀ máa ń sá fún fọ́tò. Carlo Gambino, tí ìdílé náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, máa ń múra bí òṣìṣẹ́ kékeré tó ti fẹ̀yìn tì. Ní ti Gotti, bó bá ti rí kámẹ́rà ni orí rẹ̀ ń wú. Ní 1986, ìwé ìròyìn Time gbé àwòrán rẹ̀ tí Andy Warhol yà sí iwájú. Láàrin ọdún yẹn sí 1990, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì bọ́, títí àwọn oníròyìn fi sọ ọ́ ní ẹni tí ẹ̀sùn kì í lẹ̀ mọ́ lára. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni àṣírí tú pé ọ̀kan nínú àwọn aráàlú tó dá ẹjọ́ 1987 ti gba rìbá.

Lọ́jọ́ 4 oṣù Keje, tí Amẹ́ríkà ń ṣe àjọ̀dún òmìnira, ó máa ń se àsè fún gbogbo àdúgbò ní Ozone Park, wọ́n á sì máa yin iná aláràbarà sójú ọ̀run láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó wa takisí ní Queens lásìkò náà sọ fún mi pé bí òun bá gbé àgbàlagbà láti Howard Beach, tí ọ̀rọ̀ Gotti bá jẹ yọ, ìyìn ló máa ń kún ẹnu wọn: olè kò jà ládùúgbò, ó ń ṣe ìtọ́jú opó. Bàbá náà ní òun kò bá wọn jiyàn rí, owó ọkọ̀ lòun ń wá.

Ṣùgbọ́n Howard Beach kan náà yẹn ni nǹkan mìíràn ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 1980, ọkọ̀ aládùúgbò Gotti kan ṣèèṣì pa Frank, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 12. Lóṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, aládùúgbò yẹn dàwátì, títí di òní ẹnikẹ́ni ò sì rí òkú rẹ̀. Florida ni Gotti àti ìyàwó rẹ̀ wà nígbà tó ṣẹlẹ̀, wọn kò sì fi ẹ̀sùn rẹ̀ kàn án. Òṣèré tó bá máa ṣe Gotti ní láti gbé ẹni tó ń se àsè yẹn àti ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ dàwátì yẹn wọ ara kan náà.

Gotti tí téèpù mọ̀

Gotti fi ohun kan sílẹ̀ fún àwọn òṣèré tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá Máfíà kò fi sílẹ̀: ohùn rẹ̀.

Ó ní kíláàbù kejì, Ravenite, ní 247 Mulberry Street, ní àdúgbò Little Italy. Ó mọ̀ pé àwọn FBI ń fetí kọ́ kíláàbù náà. Nítorí náà, bó bá ní ọ̀rọ̀ àṣírí, á gòkè lọ sí ilé opó àgbàlagbà kan tó wà lókè ibẹ̀. Ní ìparí ọdún 1989, nígbà tí ìyá náà rìnrìn àjò, àwọn FBI yọ́ wọlé, wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pamọ́ sínú pálọ̀ rẹ̀.

Gotti tó wà nínú téèpù yẹn yàtọ̀ sí ẹni tó ń ṣẹ́jú sí akọ̀ròyìn. Ó ń ráhùn ṣáá. Owó tí àwọn lọ́yà ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ń dùn ún. Ó ń ṣàta Gravano, ẹni tó sún mọ́ ọn jù, ó ń di ẹrù ìpànìyàn lé e lórí. Ó ń sọ̀rọ̀ ikú bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gbèsè kékeré: ẹnì kan yóò kú torí pé òun ránṣẹ́ pè é, kò wá. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn.

Wọ́n mú un lóṣù Kejìlá ọdún 1990. Nígbà tí wọ́n gbé téèpù náà jáde ní kóòtù, Gravano gbọ́ bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe ń ba òun jẹ́ lẹ́yìn, ó sì pinnu láti jẹ́rìí fún ìjọba. Ẹnu òfòrò ní ń pa òfòrò. Lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1992, wọ́n dá Gotti lẹ́bi, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n gbére. Jẹjẹrẹ ọ̀fun ló pa á nílé ìwòsàn ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Springfield, ní Missouri, lọ́dún 2002. Ẹni ọdún 61 ni.

Olùkọ́ tíátà kan ní Ìbàdàn, tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, ní bí akẹ́kọ̀ọ́ òun bá fẹ́ ṣe èèyàn tó gbé ayé rí, ohun àkọ́kọ́ tóun máa ń ní kó ṣe ni kó dijú, kó gbọ́ ẹni náà. Ìrìn àti aṣọ kì í pẹ́ kọ́, ó ní. Ibi tí èèyàn ti ń mí láàrin ọ̀rọ̀, ibi tí ohùn rẹ̀ ti ń lọ sókè bí ẹ̀rù bá ń bà á, ìyẹn ló ń gba oṣù.

Bàbá Ítálì, ìyá Ireland

Ó ju òṣèré méjì lọ tó ti ṣe Gotti. Anthony Denison ṣe é lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1994, Tom Sizemore ṣe é ní 1998. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tó yẹ ká gbé síra wọn ni Armand Assante, tó ṣe é fún HBO ní 1996, àti John Travolta, tí fíìmù tirẹ̀ jáde ní 2018.

Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ la fẹ́ wò, ọgbọọgba ni wọ́n. Bàbá àwọn méjèèjì wá láti ìran Ítálì, ìyá àwọn méjèèjì wá láti ìran Ireland. Assante, New York ni wọ́n bí i sí. Travolta, odò Hudson ló wà láàrin ìlú rẹ̀ ní New Jersey àti New York. Àní, bó bá jẹ́ ti ìrìn àti ọ̀rọ̀ ọmọ Brooklyn, Travolta ló yẹ kó gba ife. Òun ló ṣe Tony Manero nínú Saturday Night Fever ní 1977, ọmọ Ítálì tó ń ta ọ̀dà ní Bay Ridge, tí gbogbo ayé sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn lọ́dọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, Assante gba àmì-ẹ̀yẹ Emmy. Fíìmù Travolta gba òdo nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ àwọn alárìíwísí lórí Rotten Tomatoes.

Ọjọ́ orí ṣàlàyé díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni ọdún 45 ni Gotti nígbà tí wọ́n pa Castellano. Assante jẹ́ 46 nígbà tí fíìmù rẹ̀ jáde. Travolta ti di 62 nígbà tí wọ́n ń ya tirẹ̀, ó sì ní láti ṣe Gotti láti ìgbà tó lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún títí dé ojú ikú. Irun àtọwọ́dá àti àtíkè ní ibi tí agbára wọn mọ.

Àmọ́ ìwé eré ló ṣàlàyé èyí tó pọ̀ jù. Fíìmù HBO tọ ipa ẹsẹ̀ àwọn akọ̀ròyìn tó ti ń tọpinpin Gotti láti ọdún pípẹ́, tí wọ́n sì ti gbọ́ àwọn téèpù náà délẹ̀. Assante kò jọ Gotti lójú tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó mú ni bí ẹ̀rín ṣe ń kúrò lẹ́nu ọkùnrin náà tí ilẹ̀kùn bá ti tì. Ní ìta, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú. Nínú yàrá, ọ̀rọ̀ kò tán lẹ́nu rẹ̀, èébú ń lé èébú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni téèpù ṣe wí. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń wo fíìmù yìí nínú pálọ̀ wọn, Gotti fúnra rẹ̀ wà nínú yàrá ẹ̀wọ̀n kan ní Marion, ní Illinois, níbi tí wọ́n ti ń tì í mọ́ òun nìkan fún wákàtí 23 lójúmọ́.

Fíìmù Travolta ní tirẹ̀ jáde láti inú ìwé tí ọmọ Gotti, John kékeré, kọ nípa bàbá rẹ̀. Ọdún 2011 ni wọ́n ti kéde rẹ̀. Olùdarí kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀. Joe Pesci gbé wọn lọ sí kóòtù, ó ní òun ti sanra kún ara òun fún ipa kan tí wọ́n wá gbà lọ́wọ́ òun. Lionsgate, tó yẹ kó gbé fíìmù náà jáde, yọwọ́ ní ọjọ́ mẹ́wàá péré sí ọjọ́ tó yẹ kó jáde. Kevin Connolly, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí òṣèré, ló darí rẹ̀ parí.

Ẹ wo bí ìtàn náà ṣe rìn. Bàbá wà lẹ́wọ̀n, ọmọ wá bẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló gbé gbogbo ìyókù dúró. Ní ìparí, wọ́n fi àwọn aráàdúgbò gidi hàn tí wọ́n ń yin Gotti. Ọmọ wo ló máa fẹ́ kí ayé gbọ́ bàbá òun bí ẹ̀rọ Ravenite ṣe gbọ́ ọ? Èmi náà, bó bá jẹ́ bàbá mi, n kò ní fẹ́ ẹ. Nítorí náà, Gotti tí kámẹ́rà mọ̀ ni wọ́n gbé fún Travolta, ó sì ṣe é tán pátápátá: ìgbéraga, aṣọ, ọwọ́ tó ń jù. Ìgbà tó ń ṣe Gotti tí àìsàn ti mú ló dára jù, torí níbẹ̀ ọkùnrin náà kò ní ẹni tó máa ṣe fáàrí fún mọ́.

Ẹ̀jẹ̀ àti ara

Àwọn Máfíà fúnra wọn le lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ju Hollywood lọ. Láyé àtijọ́, ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kò bá jẹ́ ọmọ Ítálì kò lè di ojúlówó ọmọ ẹgbẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní bí bàbá bá jẹ́ ọmọ Ítálì, ó tó. Henry Hill, tí ìtàn rẹ̀ di fíìmù Goodfellas ní 1990, ní ìyá láti Sicily, ṣùgbọ́n ọmọ Ireland ni bàbá rẹ̀. Títí tó fi sá di ìjọba lọ́wọ́ lọ́dún 1980, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

Ta wá ni wọ́n fi ṣe Henry Hill? Ray Liotta. Orúkọ ọmọ Ítálì ló ń jẹ́, torí bàbá tó gbà á tọ́ wá láti ìran Ítálì. Ilé ọmọ aláìlóbìí ní Newark ni wọ́n ti gbé e nígbà tó wà lóṣù mẹ́fà. Nígbà tó dàgbà tó sì rí ìyá tó bí i lọ́mọ, ó wá hàn pé Scotland ni ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wá. Bó bá jẹ́ àwọn Gambino ló ń yan òṣèré, Assante àti Travolta á gba ti bàbá wọlé. Liotta á wà níta pẹ̀lú Henry Hill. Téèpù ni Liotta gbọ́, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí Hill bá òǹkọ̀wé Nicholas Pileggi sọ. Ìyẹn ló fi ṣiṣẹ́.

Ti Joe Pesci tún pani lẹ́rìn-ín. Thomas DeSimone, tó di Tommy DeVito nínú fíìmù náà, ga, ó sì síngbọnlẹ̀. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tó dàwátì lọ́dún 1979. Pesci kúrú, ó sì ti lé ní 45. Gbogbo ohun tí àwọn èèyàn fi ń yan òṣèré ló kọ̀ ọ́. Oscar ló gbà níbẹ̀. Henry Hill fúnra rẹ̀ sọ pé ara nìkan ni kò jọ. Ìwà ọkùnrin náà ni Pesci mú.

Ẹni tó ṣe Al Capone tó wù mí jù ni Stephen Graham, nínú Boardwalk Empire. Ọmọ Kirkby lẹ́bàá Liverpool ni, bàbá àgbà rẹ̀ kan sì wá láti Jamaica. Kò sí ẹ̀jẹ̀ Naples kankan tó mú un lọ síbẹ̀. Àwa Yorùbá ò sì lè bínú sí èyí: David Oyelowo, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ wa, ló ṣe Martin Luther King nínú Selma, inú wa sì dùn lọ́jọ́ náà.

Àwọn kan ní ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ ibi náà rí ló yẹ kí wọ́n máa pè. Wọ́n ti pè é rí. Tony Sirico, tó wà nínú fíìmù Gotti ti HBO kó tó di Paulie nínú The Sopranos, ti ṣẹ̀wọ̀n, àwọn ọlọ́pàá sì ti mú un ní ìgbà 28. Nínú ẹ̀wọ̀n ló ti rí ẹgbẹ́ tíátà kan tó wù ú. Louis Eppolito, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá New York, kó ipa kékeré kan nínú Goodfellas, ó kí kámẹ́rà, ó kọjá. Lọ́dún 2006, kóòtù dá a lẹ́bi pé òun àti ẹnì kejì rẹ̀ ti ń pa èèyàn fún Máfíà nígbà tí wọ́n ṣì ń wọ báàjì. Ojúlówó apànìyàn wà lójú wa níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì fura. Tí wọ́n bá sọ fún mi pé ojúlówó ló ń hàn lójú fíìmù, Eppolito ni mo máa ń rántí.

Ọ̀daràn tó ń wo fíìmù

Joe Gallo, ọmọ Brooklyn, rí fíìmù Kiss of Death tó jáde ní 1947. Richard Widmark ló ṣe Tommy Udo níbẹ̀, apànìyàn tó ń fi ẹ̀rín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ti ìyá arọ lulẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Gallo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí Udo, ó ń múra bí Udo. Òṣèré ti ṣe ọ̀daràn tí kò sí, ọ̀daràn tó wà sì ń ṣe òṣèré.

Ní 1971, ọdún tí Gallo jáde lẹ́wọ̀n, wọ́n fi í ṣe ẹlẹ́yà nínú fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan, The Gang That Couldn't Shoot Straight. Jerry Orbach, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Júù, ló ṣe ẹni tí wọ́n fà yọ lára Gallo. Ẹlòmíràn ìbá rán èèyàn lọ bá Orbach lálẹ́. Gallo ní òun fẹ́ rí i. Wọ́n jọ jẹun, wọ́n di ọ̀rẹ́. Lóṣù Kẹta ọdún 1972, ilé Orbach ni Gallo ti gbéyàwó.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, lálẹ́ ọjọ́ tí Gallo pé ọdún 43, Orbach àti ìyàwó rẹ̀ bá a ṣe fàájì ní Copacabana, wọ́n sì kí i pé ó dàárọ̀. Gallo àti àwọn ẹbí rẹ̀ kọjá lọ sí Umbertos Clam House ní Little Italy. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn pa á. Orbach gbé ayé títí di 2004, ó sì lo ọdún méjìlá gbáko bí ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú Law & Order.

Ṣé Orbach bá ipa Gallo mu? Èmi rò pé ó bá a mu lẹ́yìn tí wọ́n ti ya fíìmù náà tán. Ọkùnrin tó mọ̀ nínú pálọ̀ rẹ̀, tó ń kàwé, tó fẹ́ káwọn olókìkí New York gba òun, kò sí nínú ìwé eré tí wọ́n gbé fún un.

Irú rẹ̀ pọ̀. Gravano ti sọ ọ́ láti ẹnu ara rẹ̀ bí The Godfather ṣe gbé ọkàn òun sókè nígbà tóun wò ó. Marlon Brando, tí kì í ṣe ọmọ Ítálì, sì ti fetí sí ohùn Frank Costello, ọ̀gá Máfíà kan, kó tó ṣe bàbá ìsàlẹ̀ yẹn. Níwájú ìgbìmọ̀ Sẹ́nétọ̀ Kefauver ní 1951, Costello kọ̀ kí tẹlifíṣọ̀n fojú òun hàn. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fi hàn, ohùn rẹ̀ tó há sì ń jáde lókè ọwọ́ náà. Látọ̀dọ̀ Costello sí Brando, látọ̀dọ̀ Brando sí àwọn ọmọ ìta Brooklyn: ohùn kan ló ń yí ká.

Àgbà tó ń ṣe ọ̀dọ́

Robert De Niro ló ti ṣe irú ipa yìí jù, òun náà ló sì jẹ́ ká rí ibi tí ọgbọ́n parí sí. Nínú The Irishman, ní 2019, kọ̀ǹpútà yọ hunjọ kúrò lójú rẹ̀ kó lè ṣe Frank Sheeran nígbà ọ̀dọ́. Ojú kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n níbi tó ti ń fẹsẹ̀ gbá ọlọ́jà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, orúnkún àgbàlagbà ló ń gbá a. Kọ̀ǹpútà kò rí orúnkún ṣe.

Nínú The Alto Knights, tó jáde ní 2025, òun nìkan ló ṣe Costello àti Vito Genovese, ọ̀tá rẹ̀. Ẹni ọdún 66 ni Costello nígbà tí Vincent Gigante yìnbọn sí i lórí lọ́dún 1957, tí ọta kàn ha awọ orí rẹ̀, tí kò sì pa á. De Niro ti sún mọ́ 80 nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù náà. Costello rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn, ẹni jẹ́jẹ́ tó ń ṣírò. Genovese rẹ̀ ń mú mi rántí Joe Pesci. Fíìmù náà kò tà.

Ta ló ni ìtàn náà?

Àwọn kan wà tí inú wọn kì í dùn rárá sí irú fíìmù wọ̀nyí, ó sì yẹ ká gbọ́ tiwọn. Láàrin 1880 sí 1920, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ọmọ Ítálì tó wọ Amẹ́ríkà. Púpọ̀ nínú wọn ló gbẹ́lẹ̀, tó kọ́lé, tó rán aṣọ. Ní 1891, ní New Orleans, ọ̀pọ̀ èrò já wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n pa ọmọ Ítálì mọ́kànlá lórí ẹ̀sùn pípa ọ̀gá ọlọ́pàá. Kóòtù ti dá àwọn kan nínú wọn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Máfíà ló wà lẹ́nu àwọn tó pa wọ́n. Ọmọ-ọmọ irú àwọn bẹ́ẹ̀ kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un bí wọ́n bá ń pe gbogbo orúkọ tó parí sí fáwẹ̀lì ní ti ọ̀daràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dojú rú ni pé ẹni tó pariwo jù lọ́dún 1970, tó dá ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn ọmọ Ítálì sílẹ̀, ni Joe Colombo. Ọ̀gá Máfíà ni òun alára. Òun ló mú kí àwọn tó ń ṣe The Godfather yọ ọ̀rọ̀ náà, Máfíà, kúrò nínú ìwé eré wọn. Wọ́n yìnbọn fún un níbi àpéjọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1971. Ó wà bẹ́ẹ̀ láìlè ṣe nǹkan kan títí tó fi kú ní 1978.

Lónìí, àwọn tó ṣẹ́ kù kò tún dúró de Hollywood. Michael Franzese, tó jẹ́ ọ̀gá kékeré nínú ìdílé Colombo rí, ti kó lọ sórí YouTube, ó ń wo àwọn fíìmù Máfíà, ó ń sọ èyí tó jóòótọ́ àti èyí tó parọ́. Gravano náà, tó jáde lẹ́wọ̀n ẹ̀ẹ̀kejì ní 2017 lórí ọ̀ràn oògùn olóró, ní ètò tirẹ̀ níbẹ̀. Àgbàlagbà onírùngbọ̀n tí ara rẹ̀ kún fún àmì fínfín, ó ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, àwọn èèyàn sì ń sọ pé ìgbà yìí la tó rí ojúlówó.

N kò gbà wọ́n gbọ́. Ẹni tó jókòó síwájú kámẹ́rà tirẹ̀, tó mọ ibi tí iná wà, eré ló ń ṣe. Bí ẹnìkan bá tún fẹ́ ṣe Gravano lórí fíìmù, ohùn mẹ́ta ló ní láti gbọ́ kó tó ra súùtù: ti ẹni tó jẹ́rìí ní Brooklyn ní 1992, tó ń dáhùn ní ṣókí, ti ẹni tó jókòó síwájú Diane Sawyer lórí tẹlifíṣọ̀n ABC ní 1997, tó ń ka iye èèyàn tóun lọ́wọ́ nínú ikú wọn, àti ti bàbá àgbà orí YouTube yìí. Bí mo bá jẹ́ òun, ti 1992 ni mo máa kọ́kọ́ gbọ́. Lọ́yà Gotti ń bi í ní ìbéèrè lọ́wọ́, kò ráyè tún ohùn rẹ̀ ṣe.